Bí ẹ ṣe lè tọpasẹ̀ baba ńlá yín tó gbé abà

Ẹni tó bá ń wá ìtàn baba ńlá rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ oko títí tó fi dolóògbé, orúkọ ló sábà máa ń gbé lọ bi àwọn èèyàn, orúkọ náà ló sì máa ń ṣì í lọ́nà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ ìdílé tí a ń kọ sára ìwé lónìí kò tíì pẹ́ rárá. Ọmọ baba kan náà mẹ́ta lè jẹ́ orúkọ ìdílé mẹ́ta: èyí tó lọ sílé ìwé ìjọ mú orúkọ àbísọ bàbá, èyí tó kọ́ṣẹ́ mú oríkì rẹ̀, ẹ̀kẹta mú ìnagijẹ tí aráàlú ń pè é. Ilé ni kì í yí bẹ́ẹ̀. Agbo ilé tí bàbá náà ti jáde, pẹ̀lú oríkì orílẹ̀ tí wọ́n ń kì í, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ilé bá ti dájú, orúkọ á máa tẹ̀lé e wá.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé

Ẹ ra ìwé kíkọ kan tó nípọn. Ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ti ara yín, ti bàbá, ti ìyá, kẹ́ ẹ tó wá kan àwọn òbí wọn. Lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ fàyè sílẹ̀ fún gbogbo orúkọ tí ẹni náà jẹ́ (àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì, orúkọ ìjọ tàbí ti mùsùlùmí, ìnagijẹ), ilé bàbá rẹ̀, abà tó gbé, iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ibi tí wọ́n sin ín sí. Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún yín àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ìlà yìí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọn ò ní mọ èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbà mọ́, wọn ò sì ní mọ èyí tí wọ́n fi ọgbọ́n orí ara wọn gbé kalẹ̀.

Ẹ má fi orúkọ ìyá sílẹ̀ láéláé. Nínú ilé olórogún, orúkọ ìyá ló ń ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí wọ́n bá ń pín ogún ní ìdí igi, iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá ni wọ́n fi ń ka ìdí. Ẹni tó bá béèrè pé “Ìdí igi mélòó ni bàbá ní?” máa ń gbọ́ orúkọ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìyá kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan yìí lè fún yín ní ìdajì igi ìdílé lójú kan náà, torí pé ohun tó kan ogún kì í tètè kúrò lọ́kàn èèyàn.

Láti abà dé ìlú

Abà sábà máa ń jẹ́ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé inú rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ ẹni náà. Àgbẹ̀ abà ní ilé nínú ìlú kan, ì báà jẹ́ Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìjẹ̀bú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ìlú wọn sílẹ̀ lọ dáko kòkó ní agbègbè Ifẹ̀ àti Oǹdó, tí àwọn ọmọ wọn sì dàgbà síbẹ̀ láì mọ ìlú bàbá wọn dáadáa. Ìbéèrè mẹ́rin ló ń tú ọ̀rọ̀ yìí:

Níbo ni wọ́n ti máa ń ṣọdún, ì báà ṣe Egúngún, Iléyá tàbí Kérésìmesì?

Níbo ni wọ́n sin wọ́n sí? Bí wọ́n bá sì gbé òkú kúrò lábà, ìlú wo ni wọ́n gbé e lọ?

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin wọn ń lọ sílé ọkọ, ilé ta ni wọ́n ti gba ìdána?

Ta ni wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún?

Èyí ìkẹyìn níyì ju bí ó ṣe rí lọ. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, àlejò ni lórí ilẹ̀ náà. Ìtàn ilé rẹ̀ wà níbòmíràn, kẹ́ ẹ má fi ọjọ́ ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń san án fún, ìdílé rẹ̀ ló nilẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ tàbí ìwé ilẹ̀ wà tó dárúkọ àwọn baba rẹ̀ títí dé ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ ìlú, ẹ béèrè àdúgbò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ béèrè agbo ilé. Orúkọ agbo ilé kan lè wà ní àdúgbò méjì nínú ìlú kan náà. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Oríkì orílẹ̀

Oríkì orílẹ̀ máa ń tọ́ka sí ìlú tí àwọn baba ti ṣẹ̀ wá kí ogun tó tú wọn ká, ìlú yẹn sì lè yàtọ̀ sí èyí tí ilé wà lónìí. Ẹni tí wọ́n ń kì ní ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ní Ìbàdàn, Ìkòyí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń tọ́ka sí, kì í ṣe ti Èkó. Ẹni tí wọ́n ń kì ní ọmọ Ọlọ́fà, tí wọ́n ń dárúkọ ìjàkadì fún, Ọ̀fà ni gbòǹgbò rẹ̀, ibi yòówù tó lè máa gbé. Oríkì tún máa ń dárúkọ iṣẹ́ ìdílé, èèwọ̀, òrìṣà, nígbà mìíràn orúkọ baba kan tí gbogbo ẹnu ti gbàgbé.

Àwọn obìnrin ni kẹ́ ẹ lọ bá. Àwọn ìyàwó ilé tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló ń fi oríkì jí ọkọ àti ọmọ ọkọ láràárọ̀, àwọn ló sì ń kì wọ́n nígbà ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ẹ má ní kí ìyá àgbà kà á fún yín bí ẹni ń ka ìwé. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ lè rí i kọ, ìlà á máa pòórá lẹ́nu wọn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kì yín. Ẹ jẹ́ kó tú jáde bó ṣe ń tú jáde, kí fóònù máa gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ padà bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ ìlà tó ṣókùnkùn.

Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n lè fi oríkì orílẹ̀ ìyá yín mọ́ ti bàbá, torí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń kí èèyàn. Bí orúkọ ìlú méjì bá jáde nínú oríkì kan, ẹ béèrè pé ti ìyá wo ni ọ̀kan. Èkejì, orílẹ̀ kan náà kò túmọ̀ sí pé ẹ̀ ń bá ara yín tan ní tòótọ́. Ọ̀kẹ́ àìmọye ìdílé ló ń jẹ́ ọmọ Òwu tàbí ọmọ Oníkòyí, baba tó pa wọ́n pọ̀ sì ti jìnnà kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni lè kà dé.

Bí a ṣe ń bi àgbà léèrè

Ẹ wá ọmọ ilé kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa mú dání. Àjèjì tó dédé ń béèrè orúkọ baba ńlá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n á rò pé ó bá wá. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ baálé tàbí mọ́gàjí kẹ́ ẹ tó bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ọmọ ta ni yín, àti ìdí tẹ́ ẹ fi wá. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Òwúrọ̀ dára ju ọ̀sán lọ fún ẹni tó ti lé ní 80 ọdún. Wákàtí kan ti tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó kó wọn pọ̀. Bí wọ́n bá jókòó pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó dàgbà jù lọ ni yóò sọ ìtàn, àwọn yòókù á máa fọwọ́ sí i láti bu ọlá fún un, ohun tí wọ́n mọ̀ tó yàtọ̀ á sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tẹnu oníkálùkù ni ìjókòó àpapọ̀ wúlò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rán ara wọn létí.

Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó tan fóònù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ohùn, ẹ sọ ọjọ́, ibi tẹ́ ẹ wà, àti orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ gbé fóònù sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹnu àgbà, lórí aṣọ, kì í ṣe lórí tábìlì tí wọ́n lè máa fọwọ́ lù. Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Fóònù máa ń sọnù, ohùn àgbà kò sì ṣeé tún gbà lẹ́yìn ikú.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ìbátan. “Bàbá mi” lè jẹ́ àbúrò bàbá. “Ẹ̀gbọ́n mi” lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, “ọmọ ìyá mi” sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé tí wọ́n fẹ́ràn. Ẹ béèrè ní tààrà: “Ṣé ìyá kan náà ló bí yín, àbí ọbàkan ni yín?” “Ta ló bí wọn gan-an?” Ìyàwó ilé kì í sì í pe àwọn ọmọ ọkọ lórúkọ, Akọ́wé tàbí Ìbàdí-àrán ni wọ́n á máa pè wọ́n. Bí ìyá àgbà bá sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi ọmọ ilé tí wọ́n bí síbẹ̀ pé kí ni òbí sọ ẹni náà.

Ohun tí orúkọ ń sọ

Orúkọ tí kò wúlò láti fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wúlò gan-an láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnì kan bá ń jẹ́ Ìdòwú, ìbejì ti ṣáájú rẹ̀. Ẹ béèrè wọn, wọ́n lè ti kú kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti dárúkọ wọn fún yín. Málọmọ́ tàbí Dúrójayé ń sọ pé òbí ti sin ọmọ ṣáájú. Babátúndé láyé àtijọ́ ń sọ pé bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ náà, nígbà mìíràn láàárín oṣù díẹ̀ síra, nítorí náà ọdún ìbí ọmọ ń tọ́ka sí ọdún ikú àgbà. Àyàn níwájú orúkọ ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Òjé sí eléégún, Fá sí Ifá, Ọdẹ sí ọdẹ.

Ìgbàgbọ́ tún ń pa orúkọ dà. Ẹni tó ń jẹ́ Ògúnbíyìí kó tó ṣe ìrìbọmi lè di Olúbíyìí lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn mùsùlùmí, Búràímọ̀ àti Ibrahim jẹ́ ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ náà ni Bákàrè àti Abubakar, Yésúfù àti Yusuf. Kẹ́ ẹ tó sọ pé èèyàn méjì ni wọ́n, ẹ wo orúkọ ìyá.

Ọdún ìbí

Ẹ má retí ìwé ìbí. Òfin tó wà nílẹ̀ lónìí, tó sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan káàkiri Nàìjíríà, 1992 ni wọ́n ṣe é. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ọjọ́ orí so mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọdún rẹ̀ dájú. Àwọn tó wúlò jù fún agbègbè wa nìyí: ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862, ogun Kírìjì, 1877 sí 1886, ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, 1901, ogun Àdùbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti àjàkálẹ̀ fúlúù, 1918, ogun Hitler, 1939 sí 1945, ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, January 1955, ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, 1956, ìjà àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969, ọjọ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, 2 April 1972, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, 1 January 1973.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń lọ. Wọ́n ní àkọ́bí bàbá kan ti ń sáré kiri nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tó ilé ìwé. Á jẹ́ pé wọ́n bí àkọ́bí náà láàárín 1933 sí 1937. Bí bàbá bá tó 25 sí 30 ọdún nígbà náà, láàárín 1903 sí 1912 ni wọ́n bí i. Bàbá náà sì máa ń sọ pé òun ti ń bá bàbá òun kọ ebè nígbà ogun Àdùbí. Ọmọ tó lè ran èèyàn lọ́wọ́ lóko á ti tó ọdún méje, nítorí náà kò lè jẹ́ ẹ̀yìn 1911 ni wọ́n bí i. Ẹ kọ “nǹkan bí 1903 sí 1911”. Ẹ má mú ọdún kan ṣoṣo. Bí sìmẹ́ǹtì ojú oórì bá wá sọ pé ó kú ní 1985 ní ẹni 110 ọdún, 1875 ni ìyẹn ń tọ́ka sí, á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 60 ọdún kó tó bí àkọ́bí. Ọdún ikú ni kẹ́ ẹ mú lára ojú oórì. Iye ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀wọ̀ ló sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìwé

Inú àpótí ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: rìsíìtì owó orí, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníkòkó, ojú ewé àkọ́kọ́ Bíbélì, ẹ̀yìn fọ́tò, ìwé ètò ìsìnkú, àlímánákì tí ìdílé tẹ̀ nígbà ìwúyè. Àlímánákì tètè máa ń bàjẹ́ lára ògiri, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i. Bí bàbá bá kọlà, ẹ ya ojú inú fọ́tò rẹ̀ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ fi han àwọn àgbà ìlú. Bí ilà ṣe rí máa ń sọ ìlú.

Ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e. Àwọn míṣọ́nnárì CMS (ti ìjọ Áńgílíkà) dé Abẹ́òkúta ní 1846, Ìbàdàn ní 1853, àwọn Onítẹ̀bọmi sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ìwé ìrìbọmi máa ń ní ọjọ́, orúkọ ọmọ, orúkọ òbí, ibùgbé àti iṣẹ́ bàbá. Ti àgbàlagbà tó gba ìrìbọmi lè fi orúkọ àtijọ́ àti tuntun hàn pa pọ̀. Ẹ sọ ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ fẹ́ wò fún àlùfáà, kẹ́ ẹ má ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé jáde. Ìwé ìgbawọlé ilé ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọjọ́ orí inú rẹ̀ lè jẹ́ àfojúbù: láyé ìgbà yẹn, ọmọ á gbé ọwọ́ kọjá orí, bí ó bá kan etí, ó ti tó ilé ìwé nìyẹn.

Àkọsílẹ̀ kóòtù lórí ilẹ̀ ló lọ́rọ̀ jù nínú gbogbo ìwé. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹni tó bá fi ìtàn ìdílé gba ilẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀, bó ṣe débẹ̀, àti orúkọ àwọn tó dì í mú léraléra títí dé òun fúnra rẹ̀. Igi ìdílé gan-an nìyẹn, tí wọ́n fi ìbúra sọ. Lọ́yà ìdílé sábà máa ń ní ẹ̀dà. Bí kò bá sí, ẹ gbé orúkọ àwọn tó ṣẹjọ́ àti ọdún rẹ̀ lọ sí kóòtù tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ka ẹ̀rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Oníkálùkù ló fẹ́ borí, wọ́n sì lè yọ ẹ̀gbọ́n kan kúrò tàbí kí wọ́n sọ àlejò di ọmọ. Ohun tí olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ jọ fẹnu kò lé lórí ló lágbára jù.

Ní National Archives (ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba) tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, orúkọ àgbẹ̀ lásán kò pọ̀ níbẹ̀. Ìtàn ìlú, ìjà oyè, ọ̀rọ̀ owó orí àti ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ẹ ó rí. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ wo ìwé atọ́ka kẹ́ ẹ tó béèrè fáìlì. Wọ́n tò wọ́n ní ẹkùn: Oyo Prof, Ondo Prof, Ibadan Div àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ (Prof dúró fún Province, Div fún Division). Àkójọ CSO 26 (ìwé ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba Òyìnbó) ní ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ ní àwọn ọdún 1930 lórí ìtàn ìlú kọ̀ọ̀kan àti bí àwọn oyè rẹ̀ ṣe tò. Kò sí àmì ohùn nínú ìwé wọn. “Bale” lè jẹ́ baálé ilé tàbí baálẹ̀ ìlú, àfi kẹ́ ẹ ka gbólóhùn tó yí i ká. Ṣ máa ń di sh. Ẹ wá orúkọ ní gbogbo ọ̀nà tí Òyìnbó lè gbà kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì àti ojú ewé sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ohun tí wọn ò fẹ́ sọ

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwọn kan wá gẹ́gẹ́ bí ẹrú ogun tàbí ìwọ̀fà, wọ́n sì di ọmọ ilé pátápátá. Bí àgbà bá dákẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bi í léèrè ibi tí baba kan ti wá, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́yìn náà ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ojú ewé yín ni kó wà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ síta, ẹ má fi sórí Facebook, torí pé ẹnì kan tó wà láàyè lè tìtorí rẹ̀ pàdánù ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ tàbí ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí oyè.

Bí ìtàn bá takora

Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tí kò ní èrè kankan nínú ohun tó sọ. Ọmọbìnrin ilé tó ti pẹ́ nílé ọkọ ní ìlú mìíràn kì í sábà dá sí ìjà mọ́gàjí, tirẹ̀ sì máa ń mọ́ tónítóní. Bí iye ìran bá kéré jù fún iye ọdún, tí wọ́n ní baba mẹ́ta péré ló wà láàárín yín àti ẹni tó ja ogun Ìjàyè, tí ẹ̀yin sì jẹ́ ọmọ 20 ọdún lónìí, ó ṣeé ṣe kí orúkọ kan ti já. Ẹ fi ìran kọ̀ọ̀kan sí 25 sí 30 ọdún kẹ́ ẹ fi kà á sẹ́yìn, ẹ fi àlàfo hàn níbi tó wà, ẹ má fi orúkọ kankan dí i.

Bí ẹ bá ti to ohun tẹ́ ẹ rí jọ, ẹ tẹ ẹ̀dà kan fún mọ́gàjí, ọ̀kan fún ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi àyè òfìfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé kí wọ́n lè fi bírò tún un ṣe. Ẹ padà lọ gbà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.